Ọba Onírùngbọ̀n Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Mi

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé Olúwa ga! Ẹ má fọwọ́ lérán o, ẹ pàtẹ́wọ́! Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ojú tì mí, Òun ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò sẹ́ni tí kò mọ Ọba Onírùngbọ̀n ní Bantè yìí. Owó wúrà àtijọ́ ni, àwòrán ọba kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ gùn ló wà lára rẹ̀, ìyá àgbà ilé ọkọ mi ló fi í sílẹ̀. Ìyàwó tuntun tí kò bá fi í sọ́rùn, wọn á ní ìyàwó wo nìyẹn? Onígbàgbọ́ ń yá a, Mùsùlùmí ń yá a, wọ́n ń ti Tchetti àti Savalou wá yá a. Èmi ni wọ́n sì ní kí n máa tọ́jú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo ṣí àpótí, mo tú aṣọ tí mo fi wé e. Áà! Òfo! Mo figbe ta, gbogbo ilé sì pé lé mi lórí. Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó, o ti lọ tà á ní Savalou." Èmi kẹ̀! Gbogbo alágbẹ̀dẹ wúrà Savalou ló mọ̀ ọ́n lójú, ta ni yóò rà á lọ́wọ́ mi? Wọn ò gbọ́. Wọ́n tú gbogbo yàrá inú agboolé, wọn ò rí i. Wọ́n ní bí ọ̀sẹ̀ bá parí, kí n di ẹrù mi padà sílé bàbá mi ní Atokoligbé, kí n sì fi àwọn ọmọ mi sílẹ̀. Àwọn ọmọ mi! Ọkọ mi bọ́ síta, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ ìsinmi, mo wọ aṣọ funfun mi, mo bọ́ sálúbàtà sẹ́nu ọ̀nà bí gbogbo wa ti ń ṣe, mo wá dojú bolẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí yìí. Mo ní, "Bàbá, jẹ́ kí ojú mi rí i. Mi ò ní ẹlòmíì." Mo sunkún títí, mi ò gbọ́ ìwàásù kankan, kí Olùṣọ́-àgùntàn wa má bínú sí mi.

Nígbà tí a jáde, omijé ò jẹ́ kí n ríran dáadáa. Ẹ sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló ra sálúbàtà dúdú yẹn lọ́jà Savalou. Mo kàn ki ẹsẹ̀ bọ èyí tó sún mọ́ mi, mo bá ń lọ. Nǹkan kan ń gún mi lábẹ́ ẹsẹ̀. Mo rò pé òkúta ni. Mo gbọn bàtà títí, kò jábọ́. Mo wá wò ó dáadáa: wọ́n ti la awọ inú rẹ̀, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà. Mo fi èékánná ṣí i. Irùngbọ̀n ni mo kọ́kọ́ rí.

Yéè! Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ojú mi rí i, abẹ́ ẹsẹ̀ mi ló gbé e sí! Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Nígbà tí mo gbé e délé, ìyá ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló so ó mọ́ mi lọ́rùn, tó ń sunkún pé, "Ìyàwó mi, má bínú."

Nígbà tí mo padà wá síbí, gbogbo èèyàn ti lọ. Sálúbàtà tèmi nìkan ló kù lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin ará, ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí. Ẹni tó ni bàtà tí mo wọ̀ lọ kò bèèrè, kò pariwo, kò sì wọ tèmi. Ẹsẹ̀ lásán ló fi rìn lọ sílé lórí ilẹ̀ gbígbóná yẹn.

Ìwọ tó ni bàtà yẹn, mi ò mọ̀ ọ́, mi ò sì wá ọ. Olúwa tó yọ mí kò gbàgbé ìwọ náà. Mo ti fọ bàtà rẹ, mo ti rán an, ó wà lẹ́nu ọ̀nà láàrin ti gbogbo wa. Ẹ̀yin ará, ẹ dìde, ẹ kọjú sí pẹpẹ, ẹ jẹ́ ká jó, ká yọ̀, ká fògo fún Ọlọ́run! Kí ẹnikẹ́ni má bojú wẹ̀yìn títí orin yóò fi parí, kí ẹni tó ni bàtà lè wọ̀ ọ́ lọ sílé.