Àgbàdo Ló Gba Ẹ̀bùn

Nígbà tí àwọn Faransé ń ṣàkóso wa, mo tò síbi tí wọ́n ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin ní Atakpamé, níbi tí ọkùnrin afíngbá kan ti ń bá ìyá àgbà kan tó wà níwájú mi sọ̀rọ̀. Àpò igbá wà léjìká rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì dúró.

“Ìyá, àwọn òyìnbó ní kí n wá pàtẹ igbá mi níbi ìdíje wọn. Ṣé n ó wá gbé igbá òfìfo síwájú àlejò ni?”

“Èèwọ̀ ni. Kí lo bù sí i?”

“Àgbàdo. Mo bù ú kún gbogbo wọn. Ni wọ́n bá fún àgbàdo lẹ́bùn.”

“Ṣé ìwọ lo gbìn ín ni?”

“Ọjà Akparé ni mo ti rà á. Wọn ò tilẹ̀ wo igbá. Mo bá kó tigbá tàgbàdo lọ fún àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn.”

“O ò ta ẹyọ kan?”

“Ẹ dúró ná. Ìyàwó ọ̀gá òyìnbó wá kí àwọn aláìsàn lánàá. Bàbá arúgbó kan ń fi igbá mi mu ẹ̀kọ. Obìnrin náà rí àwọn alángbá tí mo fín sí i lára, ó ní àfi kí òun rà á. Òun ló ní kí n kó èyí tó kù nílé wá sí Lomé, àwọn á pàtẹ wọn, àwọn á tà wọ́n.”

“Bàbá yẹn ńkọ́, ṣé ó ta tirẹ̀?”

“Bàbá ní kó ní sùúrù, òun ò tíì mu ẹ̀kọ òun tán.”

Títí ọkọ̀ fi dé ni ìyá yẹn ń dá rẹ́rìn-ín, tó ń tún un sọ: “Òun ò tíì mu ẹ̀kọ òun tán.”