Abẹ́ Ọkọ̀ Tí Mi Ò Wò

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá èèyàn dá sí ọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Ó ti rẹ̀ mí. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri, ìyàwó mi gan-an kò mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tí mo ṣẹ̀ tún fi iṣẹ́ kan náà lé mi lọ́wọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí n máa kọ èyí.

Mẹkáníìkì ni mí ní Mile 3, ní Port Harcourt. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Láàárín àwa ọmọ ìlú wa tó wà níbí, kò sẹ́ni tí í ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ láìmú mi dání. Bí mo bá ti mi orí, wọ́n á rà á. Bí mo bá yínmú, wọ́n á padà sílé. Ẹ má bínú, ó máa ń dùn mọ́ mi.

Alájì Ràṣídì, tí ilé wọn kò jìnnà sí tiwa nílé, ń ta sìmẹ́ǹtì ní Rumuigbo. Ó tún ní ẹ̀rọ kan tó ń po kọnkéré, onítáyà méjì, tó ń yá àwọn tó ń kọ́lé. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló fẹ́ rà, tí yóò máa kó sìmẹ́ǹtì, tí yóò sì tún máa fa ẹ̀rọ náà lẹ́yìn. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni èèyàn ń wò, kì í ṣe ojú rẹ̀. Ẹrù wà nínú, ẹrù wà lẹ́yìn. Bí irin abẹ́ rẹ̀ kò bá le, wàhálà dé nìyẹn. Mo mọ èyí dáadáa.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló wá mú mi. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ẹrẹ̀ kún ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ náà. Èmi sì ti wọ aṣọ funfun tuntun tí mo fẹ́ fi lọ kírun. Bọ́ọ̀sì méjì ló wà níbẹ̀ tó bá ohun tí Alájì ń wá mu. Ọ̀kan rí jákujàku, ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí. Èkejì ń dán gbinrin. Ẹni tó ń tà á gbá a lára: "Oga, dis one go carry load, e go still drag anything wey you tie for back."

Mo ṣí iwájú èyí tó ń dán, mo gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, mo wà á yíká. Ó kù kí n sùn sílẹ̀ kí n wo abẹ́. Mo wo ẹrẹ̀, mo wo aṣọ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì dìde.

"Kàmọ́rù, ṣé o wo abẹ́ ẹ̀ dáadáa?"

"Mo wò ó, ẹ̀gbọ́n. Irin ẹ̀ le koko."

Nítorí aṣọ ni mo ṣe pa irọ́ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ọkọ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́. Nígbà tí Alájì ra ọkọ̀ náà tán, tí wẹ́dà tó ń jó irin fẹ́ jó irin ìkọ́ tí yóò máa fa ẹ̀rọ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Oga, dis iron don rotten o." Mo wò ó. Irin abẹ́ ọkọ̀ náà ti dógùn-ún, wọ́n kàn kun ọ̀dà dúdú bò ó ni. Ó yẹ kí n lọ bá Alájì lọ́jọ́ náà. Ojú tì mí. Mo ní kí wẹ́dà jó irin pẹlẹbẹ kan lé e lórí.

Múfútáù, àbúrò Alájì, ọmọ ìyá rẹ̀, ló ń wa bọ́ọ̀sì náà. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ méjì, kì í sáré. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ó ń fa ẹ̀rọ lọ sí Rumuodara nígbà tí irin ìkọ́ já. Ẹ̀rọ náà yí wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan, ó sì ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin náà kò kú, ṣùgbọ́n títí dòní ló ń tiro.

Alájì pè mí pé kí n wá wo ohun tó fà á. Àwọn àgbà ìlú wa ti jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ní eré àsápajúdé ló já irin.

Múfútáù wò mí. "Ẹ̀gbọ́n Kàmọ́rù, mi ò sáré o. I no run at all."

Alájì ní kó panu mọ́. Ó ní ṣé ó mọ ọkọ̀ ju mẹkáníìkì lọ ni.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Nígbà tí Alájì ní òun kò fẹ́ rí Múfútáù mọ́, èmi ni àwọn àgbà ní kí n bá a bẹ̀bẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn, mi ò ro ti aṣọ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, "Ẹ foríjì í, ẹ̀gbọ́n, ọmọdé ló ń ṣe é." Múfútáù náà dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń tọrọ àforíjì ohun tí kò ṣe, torí a kì í bá ẹ̀gbọ́n ẹni jiyàn lójú àgbà. Wọ́n yìn mí pé ọmọlúàbí ni mí.

Alájì kò gbà. Múfútáù kó ìyàwó àtàwọn ọmọ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀kadà ló ń gùn báyìí. Nígbà tí ìyá wọn kú, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n dúró sí níbi sàréè. Mo wà níbẹ̀, mo rí wọn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tíì pé ogún, mo sì ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ òtítọ́ lẹ́yìn. Alájì ti dàgbà, ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó fẹ́ ra bọ́ọ̀sì mìíràn fún iṣẹ́ kan náà. Ó ní, "Kàmọ́rù, ojú ẹ ni mo fọkàn tán. Dẹ́rẹ́bà ni mo máa fara balẹ̀ wá lọ́tẹ̀ yìí." Mo ní, "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn bú mi. Mo ti bú ara mi tó. Ṣé Alájì ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn? Àbí kí n kọ́kọ́ lọ bá Múfútáù nílé? Aránṣọ yẹn ńkọ́?

Ọjọ́ Jímọ̀ yìí la ó lọ wo ọkọ̀ náà. Òjò ń rọ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Aṣọ iṣẹ́ ni mo máa wọ̀. Màá sùn sínú ẹrẹ̀, màá wo abẹ́ rẹ̀ títí. Nígbà tí mo bá jáde, tí Alájì bá bi mí pé kí ni mo rí níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ?