Kálímà Tí Mi Ò Pè sí Ìyá Mi Létí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tún ṣàdúrà fún mi lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Jímọ̀ tó kọjá. Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí mi sí ní Agége, àmọ́ mi ò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́. Ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan ní Ìkejà ni mo wà, èmi ni mo máa ń yẹ ọ̀dà wò kó tó jáde. Ohun tí mo bá yẹ̀ wò tó rí bẹ́ẹ̀ nìkan ni mò ń gbà. Mo máa ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi ní Ọgbà pé kì í ṣe ìbẹ̀rù iná ló yẹ kó mú èèyàn ṣe rere. Ká ṣáà má jẹ́ kí ọmọnìkejì wa jìyà, ó parí. Ẹnu lásán.

Màmá mi mọ̀ pé mi ò kírun mọ́. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n ní kí ìwà mi ṣáà dáa.

Nígbà tó yá, àìsàn rọpárọsẹ̀ dá wọn dùbúlẹ̀, ahọ́n wọn wúwo. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ wọn. Nílé wa, bí ẹnìkan bá ń kú lọ, ẹni tó wà nítòsí ló máa pe kálímà, ìjẹ́rìí pé kò sí ọlọ́run míì àfi Allah, sí i létí, kó lè fi í ṣe ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ràṣídì, pè é, kí n gbà á lẹ́nu ẹ."

Mi ò pè é. Agídí! Mo ní irọ́ ni màá pa bí mo bá pe ohun tí mi ò gbà gbọ́. Mo ní kí wọ́n sinmi, oògùn á ṣiṣẹ́. Wọ́n ń wo ẹnu mi, ètè wọn ń gbọ̀n. Bí wọ́n ṣe ń wò mí náà ni wọ́n kú.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ bi mí nígbà tí wọ́n dé ni pé ṣé mo pè é. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé Màmá gbà á lẹ́nu mi geere. Èmi tí mi ò fẹ́ parọ́! Wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń dúpẹ́. Títí di òní ni wọ́n ń ṣàdúrà fún mi lórí ẹ̀, wọ́n ní ìyẹn làwọn fi ń rí oorun sùn.

Mo gbà pé ayé kan ṣoṣo la ní. Ìwọ̀nba tó kù fún ìyá mi nínú ẹ̀ nìyẹn, èmi ni mo sì fi jẹ wọ́n níyà. Ṣé ẹnu mi á ya ni, ká ní mo pè é?

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n sọ òótọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, kí n gba oorun lójú wọn? Àbí kí n máa ṣe àmín sí àdúrà tí kò tọ́ sí mi? Ẹ má sọ pé kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyá mi ni mo ṣẹ̀, ìyá mi ò sì sí níbì kankan mọ́. Ta ni kí n bẹ̀?