Orúkọ Mi Ni Rásákì Fi Ta Oko Àgbọn

Ìwà òmùgọ̀ ló gbé mi dé yàrá àwọn tí wọ́n fẹ́ yẹgi fún: mo yá Rásákì ní rìsíìtì owó-orí mi. Ẹ má wulẹ̀ káàánú mi. Mo pa á, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún adájọ́. Ohun tí n kò ṣe ni n kò ní gbà.

Èmi àti Rásákì la jọ ń pẹja nínú ọkọ̀ kan ní Ajah. Nígbà náà, bí àwọn agbowó-orí bá dúró sí èbúté, ẹni tí kò ní rìsíìtì wọ gàù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ yá mi ní tiyín," ni ó wí. "Èmi ni n ó máa bá yín ru ẹja lọ sọ́jà."

Ọ̀lẹ ni mí, mo gbà. Bí mo bá bèèrè rẹ̀, á ní ó di ọ̀la. N kò yọ ọ́ lẹ́nu, torí oorun ọ̀sán ti mọ́ mi lára.

Nígbà tó yá, mo bá àwọn àjèjì nínú oko àgbọn bàbá wa, wọ́n ń gé igi rẹ̀ lulẹ̀. Wọ́n fi ìwé hàn mí: orúkọ mi ló ta oko, àtàǹpàkò ẹlòmíràn ló wà nísàlẹ̀.

"Èmi gan-an ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Ẹni yẹn fi rìsíìtì hàn wá. Tìrẹ dà?"

Sàláwà, àbúrò mi obìnrin, ní ká lọ sí tèṣàn.

"Kí wọ́n bi mí pé ta ló yá a ní rìsíìtì? Àtìmọ́lé ni n ó sùn."

Ẹ̀rù bà mí débi pé ọ̀nà ìgbẹ́ ni mo ń gbà, kí n má baà kọjá níwájú ọlọ́pàá kan tí ń jẹ àgbàdo sísun. Akọni lèmi.

Akọni yìí ló wá dojú kọ Rásákì létí ọ̀sà. Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ pariwo, Ẹ̀gbọ́n, kí wọ́n tì wá mọ́lé pọ̀." Mo fa àjẹ̀ tí a fi ń tukọ̀ yọ, mo là á mọ́ ọn lórí. Lójú tèmi, ẹ̀ẹ̀kan ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni dókítà kà ní kóòtù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má tọ ipasẹ̀ mi. Bí ẹnìkan bá gbé orúkọ yín wọ̀ bí ẹ̀wù, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ pariwo rẹ̀, ní tèṣàn, lọ́dọ̀ baálẹ̀, ní mọ́ṣáláṣí. Ẹ lọ búra ní kóòtù. Bí ọwọ́ yín ò bá mọ́, ẹ sọ ìyẹn náà.

Lẹ́yìn tí wọ́n tì mí mọ́lé, Sàláwà dá lọ fi ẹjọ́ oko sùn ní tèṣàn. Wọ́n mú tàdáwà wá bá mi níbí, kí wọ́n lè fi àtàǹpàkò mi wé ti inú ìwé. Mo tẹ̀ ẹ́ débi pé wọ́dà ní, "Bàbá, ìwé ni, kì í ṣe ẹ̀bà." Kí wọ́n yẹgi fún mi bí apànìyàn, èmi kọ́ ni mo ta oko bàbá mi.

Oko ti padà sọ́wọ́ wa. Nígbà tí Sàláwà wá wò mí, mo bi í bí àwọn ọlọ́pàá ṣe dẹ́rù bà á tó.

"Bọ̀dá, mo sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ yá a ní rìsíìtì. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀."