Kì í Ṣe Áńgẹ́lì Ló Tì Mí

Ọlọ́run tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi méjèèjì gbé mi dé iwájú yín láàárọ̀ yìí, Òun ni mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Halelúyà! Mo kí Bàbá wa, mo kí Màmá, mo kí gbogbo àwọn alàgbà, mo kí ẹ̀yin ará lápapọ̀. Brọ́dà Sámúẹ́lì ni mí, Bàbá Àánú, káfíńtà. Ẹ mọ̀ mí dáadáa. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ máa rántí pé mo jẹ́ ẹ̀rí kan níbí lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Ẹ̀rí yẹn náà ni mo tún wá jẹ́. Apá kan nínú rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí: mo parọ́ fún yín níbi tí mo dúró sí yìí.

Mo ti sọ fún Bàbá wa ní ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ Fúráìdè. Wọ́n ní kí n wá sọ ọ́ níbi tí mo ti sọ ti àkọ́kọ́.

Ẹ mọ̀ pé Mowe níbí ni mò ń gbé, Ibafo ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí epo wọ́n, tí apá mi ò ká owó ọkọ̀ mọ́, mo gbé básíkù kan tó ti wà lẹ́yìn ilé jáde, mo ra táyà tuntun sí i. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé etí òsì mi ò gbọ́ràn dáadáa. Ariwo ẹ̀rọ tá a fi ń la pákó ló bà á jẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọwọ́ òsì yẹn náà sì ni mọ́tò máa ń gbà kọjá lára ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ẹnì kan wà ní ilé tí à ń gbé, Wàsíù lorúkọ ẹ̀. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, Mùsùlùmí ni, ó rẹ́ǹtì yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Ó máa ń lẹ táìsì sí àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ ní Ibafo, básíkù lòun náà sì ń gùn lọ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí mi tí mò ń gbé kẹ̀kẹ́ jáde, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ojú Ẹsipírẹ́ẹ̀sì yẹn lẹ fẹ́ gùn ún gbà?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, “Pẹ̀lú etí yín yẹn? Áà, rárá o. Ẹ máa lọ níwájú, èmi á máa tẹ̀ lé yín. Tí ẹ bá ti gbọ́ tí mo pariwo, ẹ yà sínú koríko. Ẹ má wulẹ̀ wẹ̀yìn.”

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀, tó bá ti kírun tiẹ̀ tán, tí àwa náà ti gbàdúrà tiwa, a ó jọ fẹ́ táyà níwájú ilé. Màá ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi bọ inú ìbọ̀sẹ̀ kí ṣéènì má baà gé e jẹ. Màá di aṣọ iṣẹ́ sínú náílọ́ọ̀nù, màá so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Nígbà ọyẹ́, ká tó dé Ibafo, irùngbọ̀n wa á ti pọ́n fún eruku. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ á ta láti táyà ẹ̀yìn dé àtàrí. Tá a bá dé ibi tí àwọn trélà máa ń páàkì sí, a ó bọ́ sílẹ̀, a ó ti kẹ̀kẹ́ kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kù sí ohùn Wàsíù. “Ẹ̀gbọ́n, trélà!” Mo yà. “Ẹ̀gbọ́n, ọlọ́kadà ń bọ̀ níwájú, òun ló ṣì ọ̀nà!” Mo yà. Ó ju ọdún kan lọ tá a fi ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀, nǹkan kan ò sì kàn mí lára rí.

Ká sòótọ́, ojú máa ń tì mí. Tí mo bá rí mọ́tò ẹnì kan nínú yín lọ́ọ̀ọ́kán, màá bọ́ sílẹ̀, màá máa ti kẹ̀kẹ́ bí ẹni pé mò ń bá ẹlòmíì tì í ni. Wàsíù ní tiẹ̀, ṣe ló máa ń lu aago kẹ̀kẹ́ ẹ̀ kí gbogbo ayé. Kò sí alákàrà tí kò mọ̀ ọ́n lójú ọ̀nà yẹn.

Ọjọ́ Wẹ́sìdé kan báyìí, òjò ti rọ̀ mọ́jú, ó sì ń ṣẹ́ wínníwínní nígbà tá a jáde. Mo wọ jákẹ́ẹ̀tì, mo fa fìlà ara ẹ̀ borí, ó bo etí mi méjèèjì. A ti fẹ́ẹ̀ dé Ibafo. Típà kan tó kó yanrìn ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Ihò ńlá kan wà lójú títì, bí awakọ̀ ṣe ń yà fún un, ó kó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tá a wà. Wàsíù pariwo. Mi ò gbọ́. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó pariwo lẹ́ẹ̀mẹta, pé àwọn tó wà lódìkejì títì gbọ́ ọ. Èmi tó ń pè ni kò gbọ́. Mo kàn rí táyà kẹ̀kẹ́ tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ mi, ọwọ́ kan dé èjìká mi, ó tì mí. Mo já sínú koríko bí àpò sìmẹ́ǹtì.

Nígbà tí mo dìde, típà ti lọ. Kò dúró. Èmi, kò sí nǹkan tó ṣe mí, àfi ẹrẹ̀ tó kún ojú mi. Kẹ̀kẹ́ Wàsíù ti ká bíi wáyà. Òun fúnra ẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú mọ́ àyà. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí nǹkan?”

Nílé ìwòsàn, wọ́n ní egungun ọrùn ọwọ́ ẹ̀ ti kán síbi méjì. Wọ́n fi Pí-Ó-Pì dì í.

Ìyàwó mi ló ní ká wá dúpẹ́. Òun náà ló lọ kan ilẹ̀kùn Wàsíù. Mo gbọ́ tó ní, “Wàsíù, a ò ní fipá mú ẹ ṣe nǹkan kan o. Wá jókòó ni, kí àwọn èèyàn wa lè mọ̀ ẹ́.” Wàsíù ní, “Mò ń bọ̀, Ìyá Àánú.”

Ó sì wá. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ lè rántí ẹ̀. Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun tó ti lọ̀ dáadáa, ó ti la apá ọ̀tún bùbá náà kí Pí-Ó-Pì lè gbabẹ̀ kọjá. Ẹ fún un ní àga lọ́hùn-ún yẹn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ará, mo ti mọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ kí n tó kúrò nílé. Mo tiẹ̀ ti sọ ọ́ níwájú dígí. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́rìí ṣáájú mi, físà ló rí gbà lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó ṣáájú ìyẹn, wọ́n jí mọ́tò ẹ̀, wọ́n sì tún rí i. Gbogbo ilé ń hó. Ó wá kàn mí, mo ní, “Mò ń gun básíkù lọ síbi iṣẹ́,” mo sì gbọ́ ẹ̀rín lápá ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Ẹ̀rín kékeré ni, mi ò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra. Nígbà tí mo máa fi dé ibi tí ọwọ́ ti dé èjìká mi, ẹnu mi ni mo gbọ́ tó ń sọ pé, “Mo rí ọwọ́ kan, ó funfun bí òwú! Mo wẹ̀yìn, mi ò rí ẹnikẹ́ni!”

Ilé yìí mì. Ẹ dìde. Ẹ ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, mo sì fi iyọ̀ sí i: mo ní áńgẹ́lì Ọlọ́run ló tì mí. Àwọn akọrin gbórin, mo jó títí aṣọ fi lẹ̀ mọ́ mi lára. Ìgbà tí mo jó tán ni mo tó wo ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí àga yẹn mọ́.

Bá a ṣe ń relé, ìyàwó mi ló ṣáájú mi dé ẹnu géètì. Ó dúró, ó wò mí, ó ní, “Bàbá Àánú, ta ló tì yín?”

Wàsíù ò bá mi jà. Ì bá sì dáa kó bá mi jà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó kí mi, ó ní, “Bàbá Àánú, ẹ káàárọ̀.” Láti ọjọ́ tá a ti mọ ara wa, “Ẹ̀gbọ́n” ló ń pè mí. Mo mọ ohun tó sọ. Mo ní màá bẹ̀ ẹ́ lọ́la. Lọ́la di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n tú Pí-Ó-Pì, ìka mẹ́ta ò ká dáadáa mọ́. Onítáìsì tí ìka ẹ̀ ò ká, kí ló fẹ́ fi ṣiṣẹ́? Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo tibi iṣẹ́ dé, mo rí àgádágodo lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù ní ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ní Ifo.

Láti ìgbà náà, èmi nìkan ni mò ń dá gun kẹ̀kẹ́ lọ. Àṣé gbogbo ìgbà tí ọkàn mi ń balẹ̀ lójú títì yẹn, ẹlòmíì ló ń bá mi gbé ẹ̀rù ẹ̀. Mo wá ń wẹ̀yìn títí ọrùn ń dùn mí. Nígbà míì màá gbọ́ “Ẹ̀gbọ́n, trélà!” Màá yà sínú koríko, màá wẹ̀yìn, kò ní sí nǹkan kan. Màá dúró níbẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ mi, àwọn ọmọ iléèwé á máa wò mí. Ọjọ́ kan ni mo sunkún níbẹ̀. Àgbàlagbà bíi tèmi.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo wọkọ̀ lọ sí Ifo. Mo béèrè títí mo fi dé ilé ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Obìnrin náà ló jáde sí mi. Mo ní orúkọ mi ni Bàbá Àánú, láti Mowe. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ sọ pé áńgẹ́lì ló tì yín? Ó dáa. Ẹ wọlé, ẹ wá wo áńgẹ́lì yín. Ọwọ́ òsì ló fi ń jẹ ẹ̀bà.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo bá a lóòótọ́. Bó ṣe rí mi, ó fẹ́ gbé abọ́ pamọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ tí mo fi ọdún méjìlá jù lọ. Ó ní, “Ẹ dìde, Bàbá Àánú. Ẹ má ṣe báyìí sí mi.” Mi ò dìde. Mo ní kó dárí jì mí.

Ó wá ní, “Mi ò bínú tìtorí pé ẹ ò yìn mí. Ìyá mi lọ̀rọ̀ náà kàn. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn ni mo pè wọ́n ní Ìṣẹ́yìn, mo ní lọ́la, wọ́n máa dárúkọ mi níwájú èrò. Wọ́n ní, ‘Nínú ṣọ́ọ̀ṣì?’ Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, inú wọn dùn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n pè mí, wọ́n ní kí ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì sọ nípa mi? Mo ní wọ́n ní mo ṣe dáadáa. Mo parọ́ fún ìyá mi, Bàbá Àánú. Ẹ̀yin lẹ fi irọ́ yẹn sí mi lẹ́nu.”

Mo ní, “Kí ni kí n wá ṣe?”

Ó na ọwọ́ náà sí mi kí n rí i. Ó ní, “Eléyìí, dókítà ń wò ó, ó kù sọ́wọ́ Ọlọ́run. Ti ìyá mi ló kù sọ́wọ́ yín.”

Mi ò lè sọ fún yín pé ó ti dárí jì mí. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn sìn mí dé ibùdókọ̀. Bá a ṣe ń lọ, ó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún mi kí n lè máa gbọ́ ohun tó ń sọ. Ìyẹn ló pa mí jù.

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run yọ mí nínú ikú, kò sí irọ́ níbẹ̀. Òun ló fi ẹni tó máa tì mí sẹ́yìn mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí Ó fi síbẹ̀ lórúkọ, ó sì níyàá. Ìyàwó mi ló ń fi fóònù ká ohùn mi sílẹ̀ lọ́hùn-ún yẹn, ìyá náà ló sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀.

Ìyá, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ ò mọ̀ mí. Káfíńtà ni mí ní Mowe, etí mi kan ò gbọ́ràn. Wàsíù ọmọ yín ló tì mí kúrò níwájú típà, ọwọ́ ọ̀tún tiẹ̀ ló sì kán nítorí mi. Mo ní ìyàwó, mo ní ọmọ mẹ́ta. Gbogbo wa ni ọmọ yín gbà là lọ́jọ́ yẹn. Ojú tì mí láti dárúkọ ẹ̀ níwájú èrò. Mo ti dárúkọ ẹ̀ báyìí. Ẹ foríjì mí, Ìyá.

Ó yá, ẹ̀yin ará, ẹ dìde. Gbogbo ògo ti Ọlọ́run tó dá Wàsíù ni! Ẹ bá mi yọ̀ wàyí, ẹ pàtẹ́wọ́ tí mo ní kí ẹ má tíì pa, ẹ sì bá mi sọ ọ́ sókè kó dé Ìṣẹ́yìn: Ìyá Wàsíù, ọmọ yín ṣe dáadáa!