Omi Jọ́dánì Tí Àkànbí Bù Wá

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ má tíì dá orin kankan. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹrù tó wà láyà mi kalẹ̀. Ẹ mọ èmi Ìyá Dèbórà, n kì í ríran. Àwọn kan nínú ìjọ yìí ń lọ ọ̀run lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹni ń lọ kí àna, èmi ò lọ rí. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé, mo sì ti bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ ìgbà ìkẹyìn.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni. Mo wà nínú ààwẹ̀, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àdúrà lórí ẹní nínú yàrá mi. Rúùtù tó jókòó lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn ni mo ń gbàdúrà fún. Gbogbo wa la mọ̀ pé oyún rẹ̀ ti gbó, pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wú. A mọ̀ pẹ̀lú pé ó ti pa oògùn ọsibítù tì, omi Jọ́dánì tí Àkànbí àbúrò mi, Bàbá Ẹgbẹ́ wa, bù wá láti Jerúsálẹ́mù ló ń mu láàárọ̀ lálẹ́. Omi yẹn náà ni ìyá rẹ̀ fi rọ́pò oògùn ìtọ̀ ṣúgà kó tó kú. Mo gbé orí lé apá, mo ní kí n sinmi díẹ̀ kí n tó dìde. Oorun gbé mi lọ.

Ọkùnrin gíga kan tó wọ aṣọ funfun dì mí lọ́wọ́ mú, létí òkun ni a wà. Ó ń rìn nínú iyanrìn, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì hàn níbẹ̀. Ìlú kan wà níwájú wa, mi ò rí irú ẹ̀ rí láyé mi. Àwọn ilé ìtura funfun gun orí òkè lọ, òdòdó bo ògiri wọn, àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ní yàrá àti fèrèsé tò sí èbúté, òkun sì mọ́ débi pé mo ń rí ẹja nísàlẹ̀. Àwọn èèyàn nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì lábẹ́ agboòrùn, wọ́n fi gíláàsì dúdú bojú. Irú ìlú tí àwọn ọmọ mi máa ń fi hàn mí nínú fóònù ni, Mònákò, Básẹ́lónà, gbogbo àwọn ìlú afẹ́ etí Òkun Mẹditaréníà. Mo kígbe halelúyà. Mo ní mo ti délé. Mo tilẹ̀ tún gèlè mi wé, kí Jésù má baà bá mi bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin náà wò mí. Ó ní, "Ọ̀run àpáàdì rèé."

Mo bá a jiyàn. Mo ní iná dà, èéfín dà? Ó ní kí n sún mọ́ ọn. Mo sún mọ́ ọn, ẹ̀yin ará, mo sún mọ́ ọn, mo rí i pé àwọn tó nà gbalaja yẹn ò lè dìde, ẹ̀yìn wọn ti jó mọ́ bẹ́ẹ̀dì, oòrùn ibẹ̀ kì í wọ̀, awọ wọn ń bó, ó ń hù, ó tún ń bó, wọ́n ń ké omi, omi, àwọn kan tó múra bí agbáwo ilé ìtura ń gbé ife tọ̀ wọ́n lọ tẹ̀ríntẹ̀rín, omi iyọ̀ ló wà nínú ife, wọ́n ń mu ún, òùngbẹ ń le sí i, wọ́n sì tún ń nawọ́. Mo béèrè àwọn tí wọ́n jẹ́. Ó ní àwọn aláṣẹ tí kò gbẹ́ kànga tó yẹ kí wọ́n gbẹ́ fún ìlú wọn ni, etí òkun báyìí ni wọ́n wá jẹ owó rẹ̀ tán sí.

Ó mú mi wọ inú ilé ìtura. Yàrá ibẹ̀ lẹ́wà, kò sì ní ilẹ̀kùn tí wọ́n lè gbà jáde. Àwọn alágbèrè ló wà níbẹ̀, àwọn tó sọ fún ìyàwó wọn pé ìpàdé ibi iṣẹ́ làwọn ń lọ, tí wọ́n sì gbé ọmọge dání. Wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ rán ètè àwọn méjèèjì pọ̀. Bí ọkùnrin bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu obìnrin a ya. Bí obìnrin bá fà sẹ́yìn, ti ọkùnrin a ya. Ìkórìíra tó wà lójú wọn pọ̀ ju ìrora lọ. Mo dá ọkùnrin kan mọ̀ níbẹ̀. N ò ní dárúkọ, opó rẹ̀ ń jọ́sìn pẹ̀lú wa. Ẹ má bi mí bóyá àánú ṣe mí. Mo rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a jáde sí èbúté, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Àwọn kan ń rìn nísàlẹ̀ òkun, wọ́n gbé ọkọ̀ rọ́bà tó kún fún òkúta lérí, ọrùn wọn ti ṣẹ́, wọn ò sì lè sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀. Ọkùnrin náà ní àwọn ló kó ọmọ ọlọ́mọ sínú ọkọ̀ pé àwọn á gbé wọn dé Yúróòpù, tí wọ́n mọ̀ pé ọkọ̀ ti lu. Mo ní àwọn ọmọ náà ńkọ́? Ó ní wọ́n ti wà níbi ìsinmi.

Lẹ́yìn náà ni a dé ọgbà àwọn onírọ́. Wọ́n tò wọ́n sẹ́yìn odi kan tó kọjú sí òkun bí ẹni fẹ́ ya fọ́tò. Ìwọ̀ ẹja ló wà ní ìkángun ẹnu wọn méjèèjì, wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n ń fà á kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Àlàfo kan wà láàárín wọn. Wọ́n ti gbé ìwọ̀ tuntun kọ́ síbẹ̀, ìwọ̀ náà ń dán. Mo ní ta ló ni àyè yìí?

Ó ní, "Ọmọ ìyá rẹ ni."

Ẹ̀yin ará, ó gbé ọwọ́ sókè, mo rí Àkànbí kedere, kì í ṣe ní ọ̀run, láyé ni, nínú ìlú afẹ́ yẹn gan-an. Ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó fi gíláàsì dúdú bojú, ó lóṣòó sẹ́bàá adágún ìwẹ̀ ilé ìtura. Àwọn òyìnbó tó wọ pátá ń lúwẹ̀ẹ́ níwájú rẹ̀, ọmọdé kan tọ̀ sínú omi, Àkànbí sì ń ri ike bọ omi yẹn, ike lórí ike, ó ń dé wọn pa. Kò dé Jerúsálẹ́mù. Kò fojú kan Jọ́dánì. Èmi ni mo ṣáájú orin lọ́jọ́ tí a ṣe ìdúpẹ́ fún un níbí, tí a fi JP, oyè àwọn tó ti dé Jerúsálẹ́mù, kún orúkọ rẹ̀, tí ẹ̀yin sì tò sórí ìlà láti gba omi.

Mo jókòó sílẹ̀, mo ń sunkún. Ọkùnrin náà gbé mi dìde, a gun òkè kan, afẹ́fẹ́ yí padà. Ìlú kékeré kan ló wà níbẹ̀, kò sí ohun afẹ́ kankan níbẹ̀, ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Àwọn èwe tí òkun gbé ń sùn lábẹ́ igi, aṣọ wọn gbẹ. Ìyá Rúùtù jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé kan, ó sanra, ara rẹ̀ ń dán bí ti ìgbà tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó dì mọ́ mi. Ó ní ara òun ti dá, òun ò bá ẹnikẹ́ni jà. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ mi mú le.

Ó ní, "Ìyá Dèbórà, ẹ bá mi sọ fún ọmọ mi kó má tíì wá."

Ọkùnrin náà ní àsìkò tó, kí n padà. Ó ní bí ọmọbìnrin yẹn bá kú, wọn á fi ìwọ̀ yẹn kọ́ Àkànbí lẹ́nu, kò sí ẹni tó máa yọ ọ́. Mo lajú lórí ẹní, oòrùn ọ̀sán ṣì wà ní àgbàlá.

N ò tú ààwẹ̀. Ilé Àkànbí ni mo gbà lọ. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo pọ̀n ọ́n. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ebi ààwẹ̀ ló ń pa yín." Nígbà tí mo tún dárúkọ adágún ìwẹ̀ yẹn, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ní kí n jáde nílé òun. Ó dùn mí dé egungun. Ọmọ ìyá mi ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá ti di ti ẹ̀mí, a kì í fi ojú ọmọ ìyá wò ó.

Torí náà, Bàbá Ẹgbẹ́, mo ti bu omi rẹ sínú ife lórí tábìlì yìí. Láti inú ike tó o fún mi ni. Kò ju ẹnu méjì lọ. Wá mu ún lójú ìjọ. Bí o bá ti mu ún, èmi ni òpùrọ́, kí wọ́n lé mi jáde. Rúùtù, má wo ojú mi, òun ni kó o máa wò.

Àkànbí, a ń dúró.

Ẹ wò ó. Ó ti sorí kọ́ yẹn, kò fọwọ́ kan ife. Ẹ̀yin tí ike omi yẹn ṣì wà nílé yín, ẹ lọ dà á nù, ẹni tó fún yín kò lè mu ún. Ẹ fi ìyàwó Àkànbí níbẹ̀ yẹn sílẹ̀ kó sunkún. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ gbé mọ́tò wá sẹ́nu ilẹ̀kùn, kí ẹ rọra gbé Rúùtù dìde. Ọsibítù ni a ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó máa gbà á lójú ọ̀nà.