Púlì Tí Mo Fi Gírísì Pa Lẹ́nu Mọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ọdún mọ́kànlá ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. N kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, n kò sọ ọ́ fún pásítọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ wá bi mí ní ìbéèrè kan.

Mẹkáníìkì ni mí l'Àkúrẹ́. Oǹdó ni mo ti kọ́ṣẹ́, ọdún mẹ́fà gbáko lọ́dọ̀ ọ̀gá mi yìí, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá. Lọ́jọ́ fíríìdọ̀mù mi, sípánà tirẹ̀ gan-an ló gbé lé mi lọ́wọ́, ó sì fi ṣàdúrà fún mi.

Nígbà tí nǹkan le, tí owó oṣù kì í wọlé fún àwọn òṣìṣẹ́, ṣe la ń já oníbàárà gbà mọ́ ara wa lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni tíṣà kan, Ìyá Bísọ́lá, gbé mọ́tò rẹ̀ wá. Iwájú rẹ̀ ń ké fíín-fíín. Bàbá ti bá a pààrọ̀ pọ́ǹpù omi l'Oǹdó lóṣù tó ṣáájú, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù kọ́ ló ń ké. Tẹ́ńṣọ́nà ni.

Bẹ́líìtì kan ló ń yí gbogbo nǹkan iwájú ẹ́ńjìnnì: pọ́ǹpù omi, èyí tó ń fún bátìrì níná, àti èyí tó ń mú kí sítíárìn fúyẹ́. Tẹ́ńṣọ́nà ní sípíríǹgì, púlì kékeré wà lórí rẹ̀ tó ń ti bẹ́líìtì náà kó má bàa dẹ̀. Inú púlì yẹn ni bíárìn wà. Bí bíárìn bá gbẹ, á máa ké. Ìkìlọ̀ ni igbe yẹn o! Bó bá gan pátápátá tí púlì kò yí mọ́, bẹ́líìtì á fò, sítíárìn á wúwo bí òkúta.

Tuntun kò sí l'Àkúrẹ́ lọ́jọ́ náà, Èkó ni wọ́n máa ti gbé e wá. Ìyá Bísọ́lá sì ní òun ń lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ kejì. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní kó dúró, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tó wà ní òdìkejì mi ló máa gbà lọ. Mo ṣí ìdérí bíárìn, mo ki gírísì sí i, mo dé e padà. Ó dákẹ́ wẹ́lo. Mo sọ fún un pé mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà tún ṣàdúrà fún mi.

Ha! Kò dé Oǹdó. Níbi ìsọ̀kalẹ̀ kan, púlì gan, bẹ́líìtì fò, kọ́nà dé, sítíárìn kọ̀. Inú kòtò ló bá ara rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ fọ́, ọ̀pá ló fi ń rìn títí dòní.

Wọ́n wọ́ mọ́tò náà wá s'Àkúrẹ́. Ẹgbẹ́ àwa mẹkáníìkì fẹ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ìyá Bísọ́lá fúnra rẹ̀ ló ní, "Ẹ jẹ́ kí Fẹ́mi yẹ̀ ẹ́ wò, òun ni mo fọkàn tán." Èmi nìkan ni mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo tú púlì náà, mo jù ú sápò, mo fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ó kù. Mo tún dẹ bóòtù pọ́ǹpù omi. Nígbà tí wọ́n pé jọ, tí Bàbá náà wá láti Oǹdó, mo ní bóòtù pọ́ǹpù tí wọ́n dè l'Oǹdó ni kò le, pé pọ́ǹpù ló yẹ̀ tí bẹ́líìtì fi fò.

Bàbá kò jiyàn. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún obìnrin tó lè bí lọ́mọ. Kó tó pé oṣù kan, ó ti ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó dọ̀bálẹ̀. Mo ń wò ó.

Òun náà ló wọkọ̀ wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá yìí. Ó ti gbó. Ó ní, "Fẹ́mi, ìwọ lo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo rántí pé mo fún bóòtù yẹn títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ṣé lóòótọ́ ni kò le? N kò fẹ́ kú láì mọ̀ bóyá ọwọ́ mi ló ba ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́."

Mo ní, "Bàbá, ó ti pẹ́. Ẹ gbàgbé ẹ̀." Ó ní òun á padà wá ní Sátidé, kí n fara balẹ̀ rántí dáadáa.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n sọ ọ́ fún un ní kọ̀rọ̀, àbí kí n pe ẹgbẹ́ àti Ìyá Bísọ́lá jọ síbi tí mo ti pa irọ́ náà? Bí mo bá sọ ọ́, ta ló tún máa gbé mọ́tò fún mi tún ṣe? Ojú tì mí pé ìyẹn ni mo tiẹ̀ ń rò.

Púlì náà ṣì wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípánà tí Bàbá fún mi. Mo gbìyànjú láti fọwọ́ yí i láàárọ̀ yìí. Kò yí.

Ọ̀la ni Sátidé.